"Poll": Láti Orí Ènìyàn dé Ibùdó Ìdìbò

Ẹni tí ó bá ti dìbò rí ní Mọníyà tàbí ní abúlé mìíràn ní Akínyẹlé yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "polling unit". Ibùdó ìdìbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, "poll" kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìbò. Orí ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pàápàá àtàrí tí irun wà.

Nígbà tí ìjọba ń ka orí kí ó lè bu owó lé e ni ìtumọ̀ náà kọ́kọ́ yí padà. "Poll tax" ni Yorùbá ń pè ní owó-orí gẹ́lẹ́. Ní ọdún 1380, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu ṣílè kan lé orí ẹni tí ó bá ti ju ọmọ ọdún 15 lọ. Nígbà tí ó di 1381, àwọn àgbẹ̀ dìde ìjà. Ẹni tí ó bá rántí Àgbẹ́kọ̀yà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀: ní 1968 sí 1969, ọ̀rọ̀ owó-orí ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ Akànrán àti abúlé mìíràn ní àyíká Ìbàdàn kọjú ìjà sí ìjọba.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń lo "poll" fún kíka orí àwọn tí ó wà lẹ́yìn olùdíje kan. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ibi tí a ti ń dìbò lára. (Yorùbá kò gba ọ̀nà orí rárá: ìbò tí à ń dì lọ́wọ́ nídìí Ifá ni a ti mú ọ̀rọ̀ tiwa.)

Síbẹ̀, owó kò tètè kúrò nídìí ìbò. Ní 1923, nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó àti Kàlàbá, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò béèrè irú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18, tí ó ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ akúṣẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó jẹ gbèsè owó-orí kò gbọdọ̀ sá fún ibùdó ìdìbò. Káàdì ìdìbò ni òṣìṣẹ́ yóò béèrè. Kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rìsíìtì owó-orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.