Láti SS1 ni Ìwọlé Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìdámọ̀ràn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga fún Akẹ́kọ̀ọ́ Girama ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìdámọ̀ràn lórí ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga jẹ́ iṣẹ́ fífi ọ̀nà han akẹ́kọ̀ọ́ girama, kí ó lè mọ irú ẹ̀kọ́ tó bá ẹ̀bùn rẹ̀ mu, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí wọn yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, ibi tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun iṣẹ́ yìí ni St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, níbi tí àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì ti pe àwọn ọ̀mọ̀wé láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ ní 1959, kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe láyé wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè jáde ní 1977, ó fi ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú bí Ìlógbò-Èkìtì, Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹnu òbí, ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó ń bá ènìyàn kún fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà ni ọmọ ti sábà máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn yìí, ó sì máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí ìdánwò ti dé tán.

Oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta pàtàkì ni ọmọ tó jáde girama lè wọ̀. Àkọ́kọ́ ni yunifásítì, tí ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ènìyàn tó gboyè. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní pólì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo ọdún méjì láti gba ìwé-ẹ̀rí ND, tí yóò fi nǹkan bí ọdún kan kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tí yóò sì padà wá lo ọdún méjì mìíràn fún HND bí ó bá fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí NCE lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn wà láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, nítorí ẹni tó gba ND tàbí NCE pẹ̀lú èsì tó dára lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Direct Entry wọ yunifásítì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní community college, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tó wà nítòsí ilé, tí owó rẹ̀ kò sì ga tó ti yunifásítì. Ọ̀kan nínú wọn, Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, ti wà láti 1901. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí yunifásítì, ojú kò sì tì wọ́n.

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò jìnnà sí irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú Ìjerò fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkìtì fún ìmọ̀ ìlera wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí àwọn ará ìlú ń bá pàdé ní ilé ìwòsàn kéékèèké. Adó-Èkìtì ni pólì ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 1977 kí wọ́n tó gbé e wá sí Adó ní 1982. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni iṣẹ́ gíláàsì àti ohun amọ̀, ó sì yẹ kí ọmọ Ìjerò mọ èyí, nítorí pé feldspar, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ èlò gíláàsì àti táìlì, wà nínú ilẹ̀ Ìjerò, àwọn ará ìlú sì ti ń rí i bí ọkọ̀ ṣe ń kó òkúta kúrò nílẹ̀ náà. Ọmọ tó mọ̀ pé òkúta ẹ̀yìnkùlé bàbá òun ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nílé-ìwé kò ní máa yan ẹ̀kọ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí.

Àwọn orúkọ kan ti yí padà, èyí sì ń da ọ̀pọ̀ àgbà rú. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ti di yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilùà pè, ti Iléṣà tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n náà sì ti di Yunifásítì Iléṣà. Òbí tó ń fi ohun tó mọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn gba ọmọ nímọ̀ràn lè rán an lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí mọ́.

Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ tó fẹ́ràn ìwé, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, tó sì fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó jáde láti ibẹ̀ ṣe ìwúrí. Ìfẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé ka yunifásítì nìkan sí ilé-ẹ̀kọ́, débi pé ọmọ á jókòó sílé ní ọdún kan, á di méjì, á di mẹ́ta, ó ń ṣe ìdánwò JAMB, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, lọ́dọọdún nítorí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí òfin, nígbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wọ pólì ti gba ND, tó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí pólì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni gan-an gbọ́dọ̀ fi í sí ipò àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ máa ń wo àwọn tó yàn wọ́n ṣáájú, àlàfo tó sì ń ṣẹ́kù fún ẹni tó fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ kì í pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tó dé rárá ni nǹkan ti ń bàjẹ́. SS1, ọdún àkọ́kọ́ ní girama àgbà, ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan iṣẹ́ ìwé tí yóò ṣe ní WAEC àti NECO, àwọn ìdánwò àṣejáde girama, bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà bá sì fi Físíìsì sílẹ̀ nígbà náà nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ le, kò sí máàkì JAMB tó lè tún un ṣe. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wò ni kirẹ́díìtì, ìyẹn èsì tó wà láàárín A1 àti C6. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kirẹ́díìtì mẹ́rin ló tó fún ND, tí Gẹ̀ẹ́sì yóò wà lára rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì, tí Ìṣirò yóò sì wà lára rẹ̀ fún ti sáyẹ́ǹsì; bákan náà ni fún NCE. Yunifásítì ń bèèrè márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò sì di dandan fún sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ àwùjọ. Kókó kan wà nínú ìkéde yìí tí olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ là yé ọmọ kedere: HND ń bèèrè kirẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi mẹ́rin wọ ND, tí kò sì padà lọ tún WAEC tàbí NECO ṣe láàárín ọdún méjì yẹn, yóò dé ẹnu ọ̀nà HND, wọn yóò sì ní kí ó padà.

Ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìbéèrè 180 ni, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400. Ní 2025, máàkì tó kéré jù tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí jẹ́ 150 fún yunifásítì àti 100 fún pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 kò lè wọlé, àyàfi àwọn ọmọ díẹ̀ tí ọpọlọ wọn pé lọ́nà àrà ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn tún wá di pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni pé èsì WAEC tàbí NECO gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì JAMB. Ẹni tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ń retí èsì gbọ́dọ̀ padà lọ fi í síbẹ̀ nígbà tó bá jáde, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè gba ẹni tí kò rí èsì rẹ̀. Èkejì ni CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB ti ń lò láti 2017 láti fi gba ọmọ wọlé. Orí rẹ̀ ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ọmọ ti ń jáde, akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Ọmọ tó ń dúró de lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe láyé ọjọ́un, lè jókòó títí àsìkò yóò fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ dúró. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2024 dá NELFUND sílẹ̀, àjọ tó ń yá ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé, yálà yunifásítì ni, pólì ni, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Àpò ilé-ẹ̀kọ́ ni owó ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba owó oúnjẹ lóṣooṣù sínú àpò tirẹ̀, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá ti gba ìwọlé nìkan ló lè bèèrè fún un, NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, sì wà lára ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. NIN yìí kan náà ni JAMB fi ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti WAEC mu. Bí ẹnì kan bá jẹ́ Olúwafẹ́mi níbì kan, tó sì jẹ́ Fẹ́mi níbòmíràn, SS2 ni kí òbí rẹ̀ ti mú un lọ tún un ṣe, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC.