“Ó Ga” Kò Túmọ̀ sí “Ó Dára”: Èdè Èsì Àyẹ̀wò Hómóònù Obìnrin ní Ajégúnlẹ̀

Bí èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ bá ga, ìdùnnú ni fún òbí. Bí iye tí ó wà nínú ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ga, ọ̀rọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, èsì, ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àṣìgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń bá Ìgbò, Ìjọ̀, Úróbò àti Haúsá gbé pọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń di ògbufọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Bí ògbufọ̀ bá kàn wí pé “Ìyá, ó ga,” ó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì túmọ̀ ohunkóhun.

Orúkọ kọ́ ni ìṣòro náà. Ní ọdún 1905, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni onímọ̀ ìṣiṣẹ́-ara Ernest Starling kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hormone lọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí “ru sókè”. Ìránṣẹ́ ni ó fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń tú sí inú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè jẹ́ iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Yorùbá ti sọ ọ́ di hómóònù, kò sì sí ìdí láti lé e lọ. Ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni àlàyé tí ó yẹ kí ó máa bá a rìn. Bákan náà, ó yẹ kí FSH, TSH, prolactin àti progesterone dúró bí wọ́n ti wà nínú ìwé, kí ohun tí obìnrin gbọ́ lè bá ohun tí ó mú lọ́wọ́ mu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń ṣe ìdájọ́ ni ó le. Kókó kékeré kan wà ní abẹ́ ọpọlọ tí ń fi FSH ránṣẹ́ sí ilé-ẹyin pé kí ó mú ẹyin dàgbà. Bí ilé-ẹyin bá jẹ́ ìpè, ìránṣẹ́ a dín kù. Bí kò bá jẹ́ ìpè, kókó yìí a tún ránṣẹ́, a sì tún ránṣẹ́. Nítorí náà, FSH tí ó ga ń fi hàn pé agbára ilé-ẹyin ti ń rẹlẹ̀. Lára ẹni tí ó ti ń sún mọ́ 50 ọdún, ọjọ́ orí ni. Lára ẹni tí kò tíì pé 40, ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe kíákíá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni TSH: bí ó bá ga, ó sábà jẹ́ pé kókó ọrùn, èyí tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, kò ṣiṣẹ́ tó.

Iye méjì tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ èsì náà ń fẹ́ ìperí. Bí wọ́n bá pè é ní “iye tí ó tọ́”, ẹni tí ó bọ́ sí ìta rẹ̀ yóò rò pé ara òun kò tọ́. Ààlà ni ó bá a mu jù. Ará Ajégúnlẹ̀ mọ Bọ́ńdìrì, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò ju ààlà lọ. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kan kọjá Bọ́ńdìrì kò tíì dé Badagry. Láti ara àwọn tí ara wọ́n le ni wọ́n ti sábà ń pa ààlà yìí, lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé nínú 100 wọn, bí 5 yóò wà ní ìta rẹ̀.

Èsì tí kò ní ọjọ́ kò sì ní ìtumọ̀. Fún ẹni tí ó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, láàárín ọjọ́ 2 sí 5, ni wọ́n ń wọn FSH. Bí ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé ni wọ́n ń wọn progesterone: ọjọ́ 21 fún ẹni tí ń rí i ní ọjọ́ 28 síra, ọjọ́ 28 fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 35. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, yóò kéré láìsí àìsàn kankan. Oyún, ìfọ́mọlọ́mú, ìpayà àti àwọn oògùn kan a sì máa gbé prolactin sókè. Ẹni tí ó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí kẹ́mísì láìbéèrè ọjọ́ lè máa náwó lórí àrùn tí kò sí.

Ohun tí ó fa èsì ni ìtọ́jú ń tẹ̀ lé. Kókó ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó ń fẹ́ levothyroxine lójoojúmọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Cabergoline tàbí bromocriptine lè fa prolactin wálẹ̀ kí ẹyin sì tún máa jáde. Fún ilé-ẹyin tí ó rẹ̀ ṣáájú ọdún 40, kò sí oògùn tí ó dájú pé ó ń dá ẹyin padà. Hómóònù àfirọ́pò ń dáàbò bo egungun, ẹni tí ń wá ọmọ sì lè gba ẹyin ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìpàdé ẹyin àti àtọ̀ ní ìta ara kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀: ní Ìdí-Àràbà, ní àwọn ọdún 1980, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n sọ fún pé “ó ga, ó dára” kò ní wá ìtọ́jú, ọdún kò sì ní dúró dè é.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ògbufọ̀ dáhùn kí ó tó dákẹ́: Ta ni ó rán ìránṣẹ́ yìí, sí ta sì ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀? Ìhà wo ààlà ni iye náà wà, kí sì ni ó ń sọ nípa ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ bá sọ nípa ilé-ẹyin obìnrin ń fẹ́ ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.