Ẹnu Aláìsàn Ni Kó Wá Bá Dókítà

Ọlọ́kadà zémidjan aláṣọ ìyeyè kan ló gbé mi sọdá afárá ọ̀sà Kútọnu lọ sí Akpakpa, síwájú ilé ìtọ́jú eyín kékeré kan. Àwọn aláìsàn ti kún orí bẹ́ńṣì. Dókítà tó ni ibẹ̀, obìnrin Nàgó láti Kétu, ní kí n dúró ti ògiri.

“Ẹ̀yìn mi ni kí ẹ máa wò o, ẹ má wo eyín.”

Bàbá àgbàlagbà kan gorí àga. Èrìgì òkè ló ń dùn ún. Kí Dókítà tó mú irinṣẹ́ kankan, ó dá àga náà sẹ́yìn títí bàbá fi sùn gbalaja, ó sì gbé e sókè títí ẹnu rẹ̀ fi bá ìgúnpá òun dọ́gba.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ yíjú sí mi díẹ̀.”

Ẹ̀yìn orí bàbá ló jókòó sí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ìbàdí ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ kò bá tó, dígí kékeré ló fi ń wò ó. Kò tẹ̀ síwájú rárá.

Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Bó bá dúró ṣánṣán, eegun ọrùn ló ń gbé e. Bó bá ti tẹ̀ síwájú, iṣan ọrùn àti ti èjìká ni yóò máa fà á mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́. Títí di nǹkan bíi ọdún 1960, ìdúró ni ọ̀pọ̀ dókítà eyín fi ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó dé, ìrora kò lọ, torí ọ̀pọ̀ jókòó tán, wọ́n tún lọ́ ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan láti lé ẹnu aláìsàn kiri. Ó sì dùn mí pé a máa ń náwó gọbọi lórí àga aláìsàn, ká wá fi àpótí lásán sílẹ̀ fún ẹni tí yóò jókòó tì í fún ọgbọ̀n ọdún.

Aboyún kan ló tẹ̀ lé bàbá, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Òun kò lè sùn gbalaja: ilé ọmọ yóò tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì yóò sì kọ́ ọ. Dókítà gbé àga náà nàró díẹ̀, ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ kó lè fì sósì. Ó ti ìjókòó tirẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde.

“Màmá, tòní ò ní pẹ́. Ẹ bímọ tán ná, ká tó ṣe èyí tó le.”