Atẹ́gùn Ni Ìránṣẹ́: Bí Òkun Kan Ṣe Ń Mú Òkun Mìíràn Gbóná

  

Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 164, Ọlọ́hun ka yíyí atẹ́gùn padà mọ́ àwọn àmì fún onílàákàyè. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo bí ooru Òkun Pàsífíìkì ṣe ń mú Òkun Àtìláńtíìkì, èyí tó wà létí Èkó, gbóná. Odindi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Báwo wá ni ooru ṣe ń kọjá?

Lórí Pàsífíìkì, atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ láti ìhà Peru lọ sí ìhà Indonesia, á sì máa ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Omi tútù á máa ru sókè létí Peru. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì sí méje, atẹ́gùn yẹn á rọlẹ̀, omi gbígbóná á padà wá. Àwọn apẹja Peru pè é ní El Niño, ìyẹn Ọmọkùnrin, torí àsìkò Kérésìmesì ni wọ́n ń rí i.

Omi yẹn kì í ṣàn dé Àtìláńtíìkì o. Ojú sánmọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Òkun gbígbóná á mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gòkè, bí atẹ́gùn ṣe ń yí káàkiri ayé á sì yí padà. Nígbà náà, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lápá àríwá Àtìláńtíìkì, ìbátan ọyẹ́ tiwa, á dẹwọ́.

Ẹ wo ẹ̀kọ mímu tí a fi ń ṣínu. Bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, èéfín rẹ̀ á lọ, ooru á bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun. Bí atẹ́gùn bá dẹwọ́, ooru oòrùn á jókòó sínú omi. El Niño sábà máa ń le jù ní ìparí ọdún. Ooru Àtìláńtíìkì á tẹ̀ lé e láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn El Niño ọdún 2009. Àtìláńtíìkì gbóná gan-an ní 2010, ó fa òjò sí àríwá, kúrò lórí igbó Amazon. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, odò Negro ní Manaus, ní Brazil, fà ju bí wọ́n ti rí i rí láti 1902 tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní 2023 àti 2024, ó tún fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe Pàsífíìkì nìkan ló ń fa ooru òkun: epo àti èédú tí ọmọ ènìyàn ń jó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àánú ni oṣù mélòó kan tó wà láàárín ooru òkun méjèèjì. Àyè ìkìlọ̀ ni. Ká má torí ọ̀dá òjò fẹ̀sùn àjẹ́ kan arúgbó àdúgbò. Ká má sì sọ pé kádàrá ni, ká wá di etí. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun ń so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àjọ ojú ọjọ́ bá kéde bí òjò ọdún ṣe máa rí, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti apẹja, ẹ tẹ́tí sí i kẹ́ ẹ tó gbin irúgbìn, kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ jáde.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Àmín.