Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti ìtumọ̀ Bíbélì: ọ̀ràn oògùn láàárín àwọn Aládúrà

Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni àkójọ ohun tí ìjọ Krístẹ́nì kan gbà ní òtítọ́ nípa Ọlọ́run, ènìyàn àti ìgbàlà. Inú Bíbélì ni ìjọ ti ń fa ẹ̀kọ́ yìí yọ, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà nígbà tí ẹsẹ kan kò bá sọ ohun gbogbo, tàbí nígbà tí ẹsẹ méjì bá jọ pé wọ́n tako ara wọn. Ní ọ̀rúndún kejì, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, kọ́ni pé ìlànà ìgbàgbọ́ tí ìjọ gbà lọ́wọ́ àwọn àpọ́sítélì ni kí a fi máa díwọ̀n ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àríyànjiyàn lórí oògùn jẹ́ àpẹẹrẹ gbòógì fún èyí.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà gba ojú òkun wọ Èkó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare, Sophia Odunlami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ìjọ Áńgílíkà kóra jọ nínú Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà fún ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti ìrìbọmi ọmọdé mú kí wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia, èyí tí D. O. Odubanjo jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ní Èkó.

Ẹsẹ kan, ìtumọ̀ méjì

Jákọ́bù 5:14–15 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ láti gbàdúrà, kí wọ́n sì fi òróró kùn ún. Kò mẹ́nu kan oògùn rárá. Lójú ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run nìkan ni oníwòsàn, ohun tí a kò mẹ́nu kàn di èèwọ̀. Yóò sì rí ẹ̀rí nínú 2 Kíróníkà 16:12, níbi tí a ti bá Ásà ọba wí pé àwọn oníṣègùn ló wá, kò wá Olúwa. Àwọn Áńgílíkà, ní tiwọn, ní Àpilẹ̀kọ 20 nínú Àpilẹ̀kọ 39 ìjọ wọn, èyí tí kò gbà kí a túmọ̀ ibì kan nínú Bíbélì lọ́nà tí yóò fi tako ibòmíràn. Nítorí náà, a ní láti ka Jákọ́bù pọ̀ mọ́ Kólósè 4:14, tó pe Lúùkù ní oníṣègùn, àti 1 Tímótì 5:23, tó dámọ̀ràn wáìnì fún inú rírun Tímótì.

Èdè náà kópa nínú rẹ̀. Nínú Yorùbá, «oògùn» lè jẹ́ egbòogi tàbí ońdè. Nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá darí ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn dáná sun oògùn ìbílẹ̀ wọn. Ó rọrùn kí ẹni tó ti kọ ońdè ka egbòogi mọ́ ọn.

Ọ̀ràn kuníìnì

Ní 1931, àwọn aṣojú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Brítánì dé Èkó láti bá àwọn aṣáájú Aládúrà ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó náà gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́, síbẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì wọn ń lo kuníìnì láti dènà ibà. Nígbà tí èyí hàn síta, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Láàárín 1939 sí 1941, Babalọlá, Odubanjo àti Isaac Akínyẹlé yà kúrò, S. G. Adégbọ́yèga àti àwọn mìíràn dúró ti àwọn òyìnbó. Àwọn tó yà kúrò ni wọ́n di Christ Apostolic Church, CAC, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943. Kò sí ẹni tó sẹ́ Jákọ́bù 5 nínú wọn. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí oníkálùkù gbà pé ìgbàgbọ́ ń béèrè.

Ìtumọ̀ àti òfin

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ní Mushin tàbí Yábàá, ìjọ Áńgílíkà, ìjọ Aládúrà àti Gbọ̀ngàn Ìjọba Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà ní àdúgbò kan náà, tí wọ́n sì ń ka Ìṣe 15:29 nípa títa kété sí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ kà á sí òfin oúnjẹ. Àwọn Ẹlẹ́rìí gbà pé ó kan ìfàjẹ̀sínilára pẹ̀lú. Obìnrin kan kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ yìí, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà dá dókítà tó bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹ̀ lẹ́bi. Ní 2001, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà dá dókítà náà láre, ó ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú nítorí ẹ̀sìn.