Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi ti Greensted

Abúlé kékeré kan ni Greensted, ní ẹkùn Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ sí ìlú Chipping Ongar. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńdérù Mímọ́ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà sí ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú àwọn tó ṣì dúró láyé.

Ìtì igi óákù ni wọ́n là sí méjì, tí wọ́n tò lóòró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú tó tẹ́jú kọ sínú ilé, ẹ̀yìn igi sì kọ sí ìta. Wọ́n gbẹ́ etí ìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ki igi pẹlẹbẹ bọ àárín wọn, kí òjò àti afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Àpá irinṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà ṣì hàn lára ògiri nínú. Ibi pẹpẹ ní tirẹ̀, bíríkì ni, nǹkan bí ọdún 1500 ni wọ́n kọ́ ọ. Agogo tó wà lókè ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́, William Land, àti ọdún 1618 lára.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi gbà pé nǹkan bí ọdún 845 ni wọ́n kọ́ ilé yìí. Wọ́n tún ní ibẹ̀ ni òkú Ọba Edmund, tí àwọn ará Denmark pa ní 869, ti sinmi ní 1013 nígbà tí wọ́n ń gbé e padà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Bury St Edmunds. Àmọ́ ọdọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ka òrùka wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1990. Ohun tí wọ́n rí ni pé lẹ́yìn ọdún 1063, kó tó di 1100, ni wọ́n gé àwọn igi náà. Bí òkú ọba bá tilẹ̀ gba Greensted kọjá, kì í ṣe àárín ògiri yìí ló sùn. Èyí kò bu ibẹ̀ kù rárá lójú tèmi, nítorí pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ abẹ́ ibi pẹpẹ ní 1960, wọ́n bá ojú ilé onígi méjì tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú.

Ní nǹkan bí ọdún 1848, ìdí àwọn igi náà ti jẹrà. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n sì gbé ìyókù lé orí bíríkì. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, torí ká ní wọ́n wó ilé náà palẹ̀ ni, kò ní sí ohun tí à ń sọ lónìí.

Àwọn òṣìṣẹ́ oko láti abúlé Tolpuddle náà ní ìtàn níbẹ̀. Ní 1834, ìjọba kó mẹ́fà nínú wọn lọ sí Ọsirélíà nítorí pé wọ́n búra láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárí jì wọ́n, àwọn alátìlẹ́yìn wọn dá owó jọ, wọ́n sì fi gba oko fún àwọn kan nínú wọn ní Essex. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Greensted ni James Brine, ọ̀kan nínú wọn, ti gbé Elizabeth, ọmọ Thomas Standfield ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, níyàwó ní 1839. Kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn fi kó lọ sí Kánádà.

Ìjọ ṣì ń péjọ fún ìsìn níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá àyè lọ wò ó.