Kí Ló Dé Tí Ajá Fi Ń Ba Ilé Jẹ́ Tí A Bá Fi Òun Nìkan Sílẹ̀?

Ilẹ̀kùn ni Bingo kọ́kọ́ fi èékánná họ. Lẹ́yìn náà ló fa kọ́tìnì wálẹ̀, ó fẹyín ya tìmùtìmù àga sí wẹ́wẹ́, ó sì tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wákàtí mẹ́ta péré ni mo fi jáde o. Nígbà tí mo wọlé, mo nà án. Lọ́jọ́ kejì, ohun tó ṣe tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá onílé wa ní Súrùlérè pè mí síta lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. "Ìyá Tọ́lá, mi ò ní kẹ́ ẹ má sin ajá o, ṣùgbọ́n igbe tó ń ké látàárọ̀ ti sú gbogbo wa. Tí kò bá dákẹ́ kí oṣù yìí tó parí, ẹ wá ibi gbé e lọ. Ajá tó máa sọnù, kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo padà wọlé. Tọ́lá ti gbọ́ ohun tí bàbá sọ, ó dì mọ́ ajá náà, ó ń sunkún.

Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni?

Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ẹ̀rí mi ni pé tí mo bá ti wọlé, ṣe ló máa sorí kọ́, á ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, á wá máa yọ́ mi wò lábẹ́ tábìlì. Ṣé ẹni tí kò jẹ̀bi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Àṣé mo ti ṣi ojú yẹn kà. Ní ọdún 2009, onímọ̀ kan ní New York, Alexandra Horowitz, fi ajá 14 ṣe ìdánwò. Wọ́n ní kí ajá má jẹ oúnjẹ kan, ẹni tó ni ín á sì jáde nínú yàrá. Ìgbà mìíràn ajá á jẹ ẹ́, ìgbà mìíràn kò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fìgbà gbogbo sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ajá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìgbà tí olówó ajá bá bá a wí ni ojú ẹlẹ́bi yẹn máa ń yọ jù, yálà ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́. Kódà, àwọn tí kò jẹ ẹ́ tí wọ́n sì bá wí ló ṣe ojú náà jù.

Ìyẹn ni pé ojú mi tó le ni Bingo ń rí tó fi ń sorí kọ́. Kò ronú kan tìmùtìmù tó ti yà láti àárọ̀. Gbogbo pàṣán tí mo fi nà án, ohun kan ṣoṣo ló kọ́ ọ: pé tí Màmá bá ti ń wọlé bọ̀, ìyà ń bọ̀. Ẹ̀rù wá di méjì sí i lọ́rùn.

Ohun tí fóònù fi hàn mí

Mo gbé fóònù sórí fíríìjì kó máa ya fídíò, mo ju ẹran sílẹ̀ fún Bingo, mo sì jáde. Nígbà tí mo padà wò ó, omi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tó ti ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ń kán lẹ́nu ẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu, tó ń họ ilẹ̀kùn. Ẹran yẹn ńkọ́? Kò fẹnu kàn án. Ìgbà tí mo wọlé tán ló tó jẹ ẹ́.

Ẹran yẹn ló là mí lójú. Ajá tí ilé ń sú, tí kò ríṣẹ́ ṣe, ẹran ló máa kọ́kọ́ gbé mì, kó tó wá bàtà tí yóò máa jẹ. Ọmọ ajá tó ń pààrọ̀ eyín náà máa ń jẹ ohun gbogbo tó bá rí, yálà ẹ wà nílé tàbí ẹ ò sí. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í lè jẹun, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ló sì máa ń dojú kọ, torí ibẹ̀ lẹni tó ń wá gbà jáde. Ìbẹ̀rù ìdáwà ni mo ń pè é.

Ìfẹ́ ló sì bí ẹ̀rù náà. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary mú ìdánwò tí Mary Ainsworth ṣe fún ọmọ ọwọ́ àti ìyá wọn, wọ́n fi dán ajá wò. Bí ọmọ kékeré ṣe ń wá ìyá rẹ̀ tó bá jáde, tó sì ń balẹ̀ tó bá wọlé, ni ajá ṣe ń ṣe sí ẹni tó ni ín.

Ti Bingo tún wá yàtọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2020 la gbà á, nígbà tí ìjọba ti Èkó pa nítorí kòrónà. Ojoojúmọ́ la wà nílé pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wọlé padà, ó ti tó bí ọmọ oṣù méje, kò sì tíì dá wà rí láyé ẹ̀. A ò kọ́ ọ, a kàn tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bí a ṣe kọ́ ọ

Mo fi fídíò han bàbá onílé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Háà, ẹ̀rù ló ń bà á ni?" Wọ́n fún mi láyè sí i. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí n lè mọ̀ pé àìsàn kọ́ ló ń fa ìtọ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, mo pa ìró kọ́kọ́rọ́ kú. Ẹ rántí Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Ó kíyè sí i pé itọ́ ajá máa ń dà kí oúnjẹ tó dé, torí ajá ti mọ ohun tó máa ń ṣíwájú oúnjẹ. Bákan náà ni Bingo ti mọ̀ pé bàtà àti kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣíwájú ìdáwà. Mo wá ń wọ bàtà, mo ń gbé kọ́kọ́rọ́, màá sì jókòó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, kò gbórí sókè mọ́ tó bá gbọ́ ọ.

Èkejì, mo ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọlé. Mẹ́wàá, mo wọlé. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ padà kí ẹ̀rù tó mú un, torí ọpọlọ tó ti wà nínú ẹ̀rù kì í kọ́ ohun tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, a ò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má sì jẹ́ kí àkókò máa gùn lójoojúmọ́ nìkan. Ẹ fi kékeré là á láàárín.

Ẹ̀kẹta, ní gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ yìí, a kì í fi í sílẹ̀ ju ibi tí agbára ẹ̀ mọ lọ. Tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Bísí tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ló máa ń wà. Ibí yìí ló le jù, torí ó gba ká bẹ èèyàn.

Ẹ̀kẹrin, kó tó di pé mo jáde, a ó rìn dáadáa, màá sì fún un ní ẹ̀wà sísè tó ti di yìnyín nínú ike kó máa lá a, ẹ̀wà tí kò ní àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Ẹ má fún un ní eegun sísè náà o, ó máa ń fọ́ sí ṣónṣó. Tí mo bá wọlé, mi ò ní na ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní pariwo ayọ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò àti àrá bá a nílé ní òun nìkan, ó tún họ ilẹ̀kùn. Mo padà sí ìṣẹ́jú kan, a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó tó bí oṣù mẹ́ta kó tó lè fi wákàtí mẹ́rin sùn nílé láìdún pìnnìn.

Ajá mìíràn wà tí ẹ̀rù ẹ̀ le ju èyí lọ. Dókítà ẹranko lè kọ oògùn bíi fluoxetine tàbí clomipramine fún un, kí ara ẹ̀ lè balẹ̀ tó láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má fún un ní oògùn èèyàn fúnra yín. Ẹ má sì tì í mọ́ inú kéèjì pẹ̀lú ẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ti kán eyín níbẹ̀.

Mi ò tíì kun ilẹ̀kùn yẹn. Tí inú bá fẹ́ bí mi sí Bingo tàbí sí Tọ́lá pàápàá, mo máa ń wo ojú ibi tó họ, kí n kọ́kọ́ bi ara mi pé: ṣé oríkunkun lèyí, àbí ẹ̀rù?